Ìsun Omi Ẹ̀gbọ́n Mi

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mo gbẹ̀san lára ẹ̀gbọ́n mi, ó sì dùn mọ́ mi. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mi tó bá ka èyí lè máa gbàdúrà fún mi. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, mo ń sọ fún wọn pé kí wọ́n máa dárí ji ara wọn, mo sì rò pé èmi náà gbà á gbọ́. Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì tí mo padà sí agboolé bàbá mi ni mo mọ̀ pé ẹnu lásán ni.

Ìlú wa kò jìnnà sí Aramọ̀kọ. Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá wa fẹ́; ìyá ẹ̀gbọ́n mi ni àkọ́kọ́, ìyá mi ni ìkẹyìn. Ẹ̀gbọ́n mi ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ó ti lọ sí Mẹ́kà, gbogbo ìlú ń pè é ní Alájì. Èmi fẹ́ onígbàgbọ́, mo sì bá ọkọ mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀sìn kò dá ìjà sílẹ̀ láàrin wa rí. Ilẹ̀ ló dá a sílẹ̀. Nígbà tí bàbá wa kú, òun ni àgbà, òun ló sì pín agboolé. Ó mú gbogbo iwájú, láti ẹ̀bá títì dé ìdí igi ọsàn. Ó wá nawọ́ sí ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí àpáta ti yọrí, ó ní tèmi nìyẹn.

"Obìnrin tó ti lọ ulé ọkọ," ó ní, "kí ló fẹ́ fi ulẹ̀ ṣe?"

Àwọn ẹbí rẹ́rìn-ín. Mo rántí ẹni kọ̀ọ̀kan tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, àti ibi tí kálukú jókòó sí.

Lẹ́yìn tí ọkọ mi kú, mo kọ́ ilé yàrá méjì sórí àpáta yẹn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún omi ẹ̀rọ ìlú ṣe nígbà náà ni, wọ́n ń fi mítà fún ẹni tó bá fẹ́. Ẹ̀bá títì ni wọ́n fi mítà tèmi sí, nítorí ibẹ̀ ni páìpù ńlá gbà. Láti ibẹ̀, páìpù mi gbọ́dọ̀ gba abẹ́ ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ mi lẹ́yìn. Mo lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jẹ́ kí n kúnlẹ̀. Èmi ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, tí orúnkún méjèèjì ń dùn mí, mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì níwájú àwọn ìyàwó rẹ̀, ó sì ń jẹ iṣu rẹ̀ lọ. Ìgbà tó jẹun tán, tó fọwọ́, tó ta eyín, ló tó ní kí n dìde, pé kí páìpù náà gba ilẹ̀ òun kọjá. Mo sọ èyí kí ẹ má baà rò pé omi nìkan ló bí mi nínú.

Ọjọ́ Mọ́ńdè àti ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń tan omi sí àdúgbò wa, láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́. Tó bá ti dé, ẹ kò ní rí ẹnikẹ́ni níta mọ́. Inú ilé ni gbogbo wa ń sáré kiri sí, tí à ń gbe omi sínú dúrọ́ọ̀mù, sínú garawa, sínú ìkòkò ọbẹ̀ pàápàá. Ohun tí a bá tọ́jú la ń lò títí wọn yóò fi tún tan án.

Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún tí mò ń sọ yìí, tí ọyẹ́ ti mú gan-an, ìyàwó kékeré ẹ̀gbọ́n mi rí i pé ìdí igi ọsàn tutù. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, omi ti ń sun jáde níbẹ̀, ó mọ́ lóló. Ní ìlú mìíràn, wọn ì bá ti ké pé páìpù bẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ agbègbè Ìkògòsì ni wá. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kó wa lọ wo ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń jáde nínú ilẹ̀, kò sì sí ọmọ ìlú kankan nítòsí ibẹ̀ tí kì í rò nínú ikùn ara rẹ̀ pé lọ́jọ́ kan, Ọlọ́run á rántí ìlú tiwọn náà. Ẹnìkan pariwo pé ìsun ni, gbogbo wa sì gbà bẹ́ẹ̀. Èmi tísà, tí mo ti ya àwòrán omi abẹ́ ilẹ̀ sára pátákó láìmọye ìgbà, mo ti ọwọ́ bọ omi náà, mo fi ra ojú, mo ní Ọlọ́run ṣeun. Ojú ṣì ń tì mí bí mo bá rántí.

Ohun tó jẹ́ kó dá wọn lójú ni pé ọjọ́ Jímọ̀ ni omi náà máa ń ru. Ẹ̀gbọ́n mi á ti mọ́sálásí dé, á bá a tó kún dẹ́nu. Ó ní àmì ìbùkún ni. Pé ó ń ru lọ́jọ́ Mọ́ńdè náà, kò sí ẹni tó béèrè ìyẹn. Kò sì sí ẹnìkan nínú wa tó so ó mọ́ omi ẹ̀rọ, nítorí pé nígbà tí omi ẹ̀rọ bá dé, inú ilé ni gbogbo wa wà. Nígbà tí a bá fi máa jáde, ìsun Alájì ti kún. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìgò wá láti Ìlogbò, láti Ara. Ẹ̀gbọ́n mi fi pákó ṣe ọgbà yí i ká, ó gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ń jókòó níbẹ̀ láti àárọ̀.

Oṣù yẹn gan-an ni bíìlì omi mi di ìlọ́po mẹ́ta. Mo rò pé àṣìṣe ni. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, ó tún ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì fi ìwé ìkìlọ̀ mọ́ ọn pé bí n kò bá san án kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí, wọ́n á wá já omi mi. Owó ìfẹ̀yìntì mi kò tó o. Ẹ̀rù ìjáomi yẹn bà mí ju ẹ̀rù gbèsè lọ. Èmi nìkan ni mo ń gbé, kànga tó sún mọ́ wa jù sì wà nísàlẹ̀ òkè. Orúnkún mi kò lè gbé garawa gun òkè yẹn mọ́.

Mo gba ọ́fíìsì omi lọ. Akọ̀wé kan wà níbẹ̀, obìnrin tó wé ìbòrí, tó sì ní sùúrù. Ó wo bíìlì méjèèjì.

"Mà, ó jọ pé páìpù yín ń jò lábẹ́ ilẹ̀," ó ní. "Ẹ wá púlọ́ńbà kó yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tún un ṣe, kí ẹ kọ fọ́ọ̀mù yìí wá, a ó sì yọ owó omi tó dànù kúrò nínú bíìlì yín. Ṣùgbọ́n láàrin ọjọ́ mẹ́rìnlá tí ẹ bá ti mọ̀ pé ó ń jò ni kí ẹ fi tó wa létí o. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa san gbogbo rẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé orí ilẹ̀ ẹlòmíràn ló ti bẹ́, onílẹ̀ ní láti wá tọwọ́ bọ̀wé."

Mo ká fọ́ọ̀mù náà sínú Bíbélì mi, mo lọ wá púlọ́ńbà kan ní Ìlogbò. Ọjọ́ Jímọ̀ ló wá, nígbà tí omi dé, tí ẹ̀gbọ́n mi wà ní mọ́sálásí, tí àwọn ìyàwó rẹ̀ sì ń gbe omi nínú ilé. Ó ní kí n ti gbogbo ẹ̀rọ inú ilé mi. Mo tì wọ́n. Mítà ṣì ń yí fìrìfìrì. Ó fi fáàfù tí wọ́n fi ń ti páìpù, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà, hàn mí, ó ní kí n dúró tì í, òun sì rìn lọ sídìí igi ọsàn.

"Ẹ tì í!" ó kígbe. Mo tì í. Ó pẹ́ díẹ̀. "Ẹ ṣí i!" Mo ṣí i. "Ẹ tún tì í!"

Nígbà tó padà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá títì, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Mà," ó ní, "ẹ̀yin lẹ ni ùsun Alájì. Ẹ̀yin lẹ̀ ń sanwó rẹ̀."

Bí Ọlọ́run ti ń gbọ́ mi, mo fẹ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ní ìrọ̀lẹ́, mo rìn lọ bá a. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà rẹ̀ láàrin àlejò bíi mẹ́fà. Mo kí i. Kí n tó la ẹnu sọ ìkejì, ó ti gbójú sókè.

"Tísà, ṣé omi lo wá gbà? Lọ gbé ìgò rẹ wá, kí o tò sẹ́yìn àwọn tó ti wà níbẹ̀. Pé o jẹ́ ọmọ ulé è sọ pé kí o kọjá wọn."

Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Kí n tò! Kí n tò sídìí omi tí pẹ́ńṣàn mi ń san! Ó tún yíjú sí wọn, ó ń sọ fún wọn pé àwọn ènìyàn kan tó ń kọ́ ibi ìgbafẹ́ ń bọ̀ láti Adó lọ́jọ́ Jímọ̀ kẹta sí i, wọ́n fẹ́ wá wo ìsun òun, pé Ìkògòsì kejì ni ìlú wa máa dà. Mo dúró síbẹ̀, mo ka ọjọ́ lọ́kàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jẹ́ ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni ọ́fíìsì omi fún mi. Mo mọ̀ ọ́n dájúdájú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé n kò mọ̀.

"Rárá, ẹ̀gbọ́n mi," mo ní. "Mo kàn ní kí n wá bá yín yọ̀ ni."

Mo padà sílé, mo bẹ púlọ́ńbà pé kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Mo sọ fún ara mi pé ta ló máa mọ ọjọ́ tí mo mọ̀? Èmi ni mo máa kọ ọjọ́ sí fọ́ọ̀mù. Kí mítà máa yí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, n kò tíì gbádùn ayé mi tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú. Ẹ̀gbọ́n mi ta ọ̀kadà rẹ̀, ó fi ra sìmẹ́ńtì. Ó pe bíríkìlà, wọ́n mọ ọpọ́n ńlá yí ojú omi ká, wọ́n fi táìlì funfun sí i. Mo gbé ẹ̀bà lọ fún àwọn òṣìṣẹ́. Mo wo táìlì náà, mo mi orí, mo ní funfun máa ń tètè dọ̀tí, pé búlúù ni wọ́n ń lò nílé ìtura ńlá. Ẹ̀gbọ́n mi ronú sí i, ó sì ní kí wọ́n tú u, kí wọ́n fi búlúù sí i. Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn, mo fi ìrọ̀rí bo ẹnu kí wọ́n má baà gbọ́ ẹ̀rín mi. Ìwà burúkú ni, mo mọ̀. Tí ó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, máa tún ní kó fi búlúù sí i.

Ọjọ́ Jímọ̀ náà pé. Àwọn ará Adó dé lẹ́yìn ìrun: ọkùnrin méjì tó wọ kóòtù nínú ooru yẹn, àti obìnrin kan tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Léémọ̀ọ́mù wá, àwọn aládùúgbò wá, wọ́n kó àga síta. Ẹ̀gbọ́n mi wọ agbádá funfun. Omi kún ọpọ́n rẹ̀ dẹ́nu, ó ń dán lórí táìlì búlúù. Bó ṣe dìde láti kí àlejò káàbọ̀, mo rọra rìn lọ sẹ́bàá títì bí ẹni tó ń retí ẹnìkan, mo bẹ̀rẹ̀, mo sì ti fáàfù.

Ìgbà tí mo fi padà dé, ó ń sọ ìtàn. Ó ní bàbá wa ti sọ ọ́ kó tó kú pé ohun kan wà nínú ilẹ̀ iwájú yẹn, ìdí nìyẹn tó fi fún òun. Irọ́! Orí ibùsùn ìyá mi ni bàbá wa kú sí, èmi ni mo wà níbẹ̀, omi ọbẹ̀ ló béèrè. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni omi ń fà sílẹ̀ nínú ọpọ́n, díẹ̀díẹ̀, ó ń gba ibi tó gbà jáde wọlé padà. Obìnrin oníkámẹ́rà ló kọ́kọ́ rí i. Ó wo omi, ó wo ẹ̀gbọ́n mi. Kò pẹ́, ẹrẹ̀ ló kù, àti ọ̀pọ̀lọ́ kan tó ń wo gbogbo wa.

"Ó ń sinmi ni," ẹ̀gbọ́n mi ní. Òógùn ti bò ó. "Ẹ fún un láyè. Ó máa ń sinmi."

Mo dìde níbi tí mo jókòó sí. Mo ti ń sọ gbólóhùn náà fún ara mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí ọmọ tó fẹ́ ka àkọ́sórí.

"Ẹ̀gbọ́n mi," mo ní, "ẹ jẹ́ kí n lọ bá yín tan án."

Mo mú obìnrin oníkámẹ́rà lọ́wọ́, mo fi mítà hàn án, mo sì ṣí fáàfù. Láti ibi tí a wà ni a ti gbọ́ ariwo àwọn ènìyàn nígbà tí omi tún ru sókè. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín ni. Léémọ̀ọ́mù gan-an rẹ́rìn-ín. Àwọn ará Adó wọ ọkọ̀ wọn, wọn kò tilẹ̀ mu omi tí wọ́n gbé fún wọn. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sétí ọpọ́n rẹ̀ pẹ̀lú agbádá funfun. Mo dúró, mo wò ó dáadáa. N kò ní purọ́ fún yín, ó dùn ju oyin lọ.

Ní ọjọ́ kejì, púlọ́ńbà wá, ó fọ́ táìlì, ó gbẹ́ ilẹ̀, ó rí ibi tí gbòǹgbò igi ọsàn ti fún páìpù mi títí ó fi là, ó sì tún un ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi kò yọjú. Mo kọ fọ́ọ̀mù mi. Níbi tí wọ́n ti béèrè ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mọ̀ pé omi ń jò, mo kọ ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Àyè tí onílẹ̀ máa tọwọ́ bọ̀ ni mo fi sílẹ̀ lófìfo.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, akọ̀wé gba fọ́ọ̀mù, ó kà á, ó sì bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Mà," ó ní, "ọ̀rọ̀ yìí ti dé Ìjerò. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé ẹ ní ẹ fẹ́ lọ tan ìsun. Ẹni tó mọ̀ pé òun lè tan án, ṣé ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀? Ọ̀gá mi ti ní kí n má gbà á. Àfi kí onílẹ̀ wá síbí, kó sọ ọjọ́ tí ẹ mọ̀, kó sì tọwọ́ bọ̀ ọ́."

Gbólóhùn tó dùn lẹ́nu mi, òun ló fẹ́ já omi mi. Àwọn àgbà ní bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n. Èmi ti ta tèmi níwájú kámẹ́rà. N kò lè lọ bá a. Mo jókòó sílé fún ọjọ́ méjì, mo ń wo dúrọ́ọ̀mù mi, mo ń ka garawa tó kù nínú rẹ̀. Akọ̀wé yẹn ló rán ẹnìkan sí ẹ̀gbọ́n mi.

Lọ́jọ́ kẹta wọ́n pè mí. Mo bá ẹ̀gbọ́n mi lórí àga ní ọ́fíìsì, nínú jalamíà àtijọ́ kan. Kò sí ọ̀kadà mọ́, ẹsẹ̀ ló fi rìn wá, eruku sì bo bàtà rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i bí a ti ń ṣe. Ó dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n kò wojú mi. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu rẹ̀ ti tó. Kó sáà ní òun kò mọ̀, tàbí kó ní kí wọ́n lọ bi púlọ́ńbà. Tí ó bá jẹ́ èmi ni, máa sọ ọ́.

"Bàbá," akọ̀wé ní, "ọjọ́ wo ni àbúrò yín mọ̀ pé páìpù ló ń jò?"

Ó yíjú sí mi, ó wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Jímọ̀.

"Ọjọ́ Jímọ̀ tó lọ," ó ní.

"Wọ́n ní òun ló lọ tan án níwájú àlejò."

"Èmi ni mo ní kó lọ wo mítà rẹ̀. Ara ti ń fu mí. Níbo ni mo ti fẹ́ tọwọ́ bọ̀wé?"

Akọ̀wé wo èmi, ó wo òun. Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ó fi ìka hàn án, ẹ̀gbọ́n mi sì kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ ní lẹ́tà ńlá, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n ṣì í kà. Wọ́n ní owó omi tó dànù yóò kúrò nínú bíìlì mi, wọn kò sì ní já omi mi mọ́.

Mo sá tẹ̀lé e jáde. Mo ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi." Ó ṣòro láti gbé e jáde lẹ́nu.

"Má dúpẹ́," ó ní. "Ohun tó o ṣe yẹn, títí n ó fi kú ló máa dùn mí. Ṣùgbọ́n mi è fẹ́ kí wọ́n sọ pé àbúrò mi ń ru omi gun òkè."

Ó yí padà, ó gba ọ̀nà ilé lọ nínú oòrùn yẹn, kò sì dúró dè mí.

Mo ti múra de èébú, mo ti múra de èpè, mo ti múra de ẹjọ́ níwájú ọba. N kò múra de ìyẹn. Mo wá adùn ọjọ́ Jímọ̀ yẹn nínú ara mi, n kò rí i mọ́, inú sì bí mi sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ti gba iwájú agboolé lọ́wọ́ mi, ó gba iyì mi, ó sì wá gba ẹ̀san mi pàápàá. Ìdáríjì nìkan ló kù lọ́wọ́ mi tí kò tíì gbà. Mo mọ̀ pé ó ń retí rẹ̀. N kò tíì fún un.